Sílíńdà gáàsì nínú búùtù ọkọ̀: ohun tí aláse àti ará oko kò gbọdọ̀ fojú di

Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ sí àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ẹni tó bá gba Òkè-Ìlèwó kọjá lọ sí Pánṣẹ́kẹ́ tàbí sí Kútò l'Abẹ́òkúta kò ní í rìn jìnnà kó tó rí àwọn aláse tó ń di ẹrù sínú ọkọ̀. Ìkòkò ńlá, kúlà oúnjẹ, àga onírọ́bà, àpò ìrẹsì àti agbada ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kó wọlé. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti kún tán ni wọ́n máa ń rántí sílíńdà gáàsì. Èyí tó tóbi, tó ń gba 50 kílò, wọ́n á fi ẹsẹ̀ yí i gbirigbiri bí ẹni ń yí àgbá epo, wọ́n á sì tẹ́ ẹ gbalaja sí abẹ́ àga. Kékeré tó ń gba 12.5 kílò, èyí tí wọ́n fi ṣe sípíà kí gáàsì má baà tán nígbà tí ìrẹsì bá ń hó lọ́wọ́, ibi tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n á tì í bọ̀. Ó lè wà lórí kúlà. Ó lè wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ìyá àgbà tó jókòó sẹ́yìn. Ọkọ̀ á ṣí, ó di Ìmálà, ó di Ayétòrò, ó di Ọ̀dẹ̀dá, níbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe ìnáwó òkú ní ọjọ́ Sátidé.

Kì í ṣe àwọn aláse nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn o. Tíṣà tó ń gbé ìgboro tó ń ṣiṣẹ́ lábúlé, àgbẹ̀ tó kọ́lé sóko, òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì tó ti padà sílé bàbá rẹ̀, gbogbo wọn ló ń wá ra gáàsì nígboro. Ilé gáàsì pọ̀ l'Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n béèyàn bá ti wọ inú oko lọ díẹ̀, ó lè rìn títí kó má rí ẹyọ kan. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń ní sílíńdà méjì: ọ̀kan ń jó lọ́wọ́, ọ̀kan wà nílẹ̀ de ìgbà tí èkíní bá tán. Ọgbọ́n tó dáa ni. Ẹni tí gáàsì bá tán mọ́ lọ́wọ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ lábúlé, ìdí igi ló máa padà sí, bẹ́ẹ̀ kò rọrùn láti rí igi gbígbẹ lásìkò òjò. A ò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ìròyìn yìí pé kó padà sídìí àárò, kí èéfín máa ta á lójú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ojú ọ̀nà. Sílíńdà tó wà nílé ìdáná nàró ní tirẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, kò sẹ́ni tó ń mì í. Gbàrà tí wọ́n bá gbé e sínú ọkọ̀ ni gbogbo ìyẹn yí padà. Wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n á sé e mọ́ ibi tó há, oòrùn á máa pa á, kòtò ojú ọ̀nà á máa gbé e sọ. Sílíńdà kan náà tó ti ń sìn yín láti ọdún márùn-ún láìṣe nǹkan kan lè di ohun mìíràn láàárín wákàtí kan ìrìn àjò.

OMI LÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí fọkanáísà ṣe ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú táyà náà ni wọ́n ṣe ń rọ gáàsì sínú sílíńdà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mú láítà onírọ́bà tí àwọn amusìgá ń lò, èyí tí a lè rí inú rẹ̀ láti ìta, kẹ́ ẹ gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ máa rí omi kan tó ń mì nínú rẹ̀. Butane lorúkọ omi yẹn, ó sì wà lára ohun tó wà nínú sílíńdà ìdáná wa. Àdàpọ̀ oríṣi méjì ni gáàsì ìdáná, butane àti propane. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, butane ló pọ̀ jù nínú èyí tí à ń lò ní Nàìjíríà. Ilé iṣẹ́ Nigeria LNG bẹ̀rẹ̀ sí í kó gáàsì ìdáná wá sọ́jà ilé lọ́dún 2007, ọdún 2021 ni wọ́n sì fi propane kún un. Nígbà tó di ọdún 2022, wọ́n kéde pé gbogbo butane àti propane tí àwọn bá ń rí, ọjà ilé ni yóò máa wá.

Ẹni tó ń gbé gáàsì rìn gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Ibi tí omi ti ń di yìnyín, ìyẹn òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, ni butane ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Propane kò dúró de ìyẹn rárá. Láti ìwọ̀n 42 nísàlẹ̀ òdo ló ti ń hó. Nítorí náà, bí oòrùn kan náà bá pa àwọn méjèèjì, propane ló máa ti ògiri sílíńdà jù. Sílíńdà tó lágbára tó fún butane ayé àtijọ́, tó ti dógùn-ún, tí etí rẹ̀ ti ń jẹ, kò yẹ lẹ́ni tí èèyàn ń gbé rìn lónìí.

Bí sílíńdà bá nàró, omi á wà nísàlẹ̀, gáàsì tó ti ara omi náà yọ á wà lókè lábẹ́ fáàfù. Gáàsì òkè yìí la fi ń dáná. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ́ sílíńdà sílẹ̀, omi fúnra rẹ̀ ló máa wá bo ẹnu fáàfù. Bí fáàfù náà kò bá wá dé dáadáa, omi ló máa jò, bẹ́ẹ̀ lítà omi kan ń di nǹkan bíi 270 lítà gáàsì tó bá ti bọ́ síta. Fáàfù tó dáa tún ní ihò kékeré kan tó máa ń ṣí fúnra rẹ̀ bí inú sílíńdà bá le jù, kó lè mí díẹ̀. Wọ́n ṣe ihò yẹn kó lè tú gáàsì ni. Bí sílíńdà bá dùbúlẹ̀, omi ló máa tú jáde níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ Micra tó kún ojú ọ̀nà wa. Ká ní inú rẹ̀ gba nǹkan bíi 3,000 lítà afẹ́fẹ́. Gáàsì ìdáná kò nílò ju bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú afẹ́fẹ́ kó tó lè gbiná. Ìyẹn ni pé 60 lítà gáàsì ti tó láti sọ gbogbo inú ọkọ̀ náà di ohun tó ń dúró de ìṣáná. Bí a bá dá 60 lítà yẹn padà sí omi tó ti wá, kò tó ìdámẹ́rin lítà kan. Ife tíì kan ni. Sílíńdà 12.5 kílò tó kún, omi tó wà nínú rẹ̀ lé ní 20 lítà.

Gáàsì ìdáná sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Propane wúwo tó ìlọ́po kan àbọ̀ afẹ́fẹ́, butane tó ìlọ́po méjì. Kì í gòkè lọ bí èéfín, ilẹ̀ ló máa ń wọ́ lọ bí àgbàrá. Nínú ìlú olókè bíi tiwa, èyí tó bá jò lórí òkè lè gba ojú gọ́tà lọ sísàlẹ̀, kó lọ bá iná ẹni tó ń dín àkàrà tí kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Nínú ọkọ̀, ilẹ̀ búùtù àti abẹ́ àga ló máa ń kóra jọ sí. Ẹni tó ṣí gíláàsì sílẹ̀ díẹ̀ lè máa gbádùn atẹ́gùn lójú, kí gáàsì sì ti mu ún dé orúnkún.

GÁÀSÌ KÌ Í NÍ ÈÈNÌ

Ta ni nínú wa tó ń ra gààrí tí kì í wo ọwọ́ oníṣòwò bóyá á fi èènì sí i? Àṣà wa ni, kò sì burú. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti gbé àṣà náà dé ilé gáàsì. Wọ́n á ní kí ọmọ tó ń rọ gáàsì "ṣe é dáadáa", kó fi díẹ̀ lé e. Ibi tí èènì ti ń di ewu nìyẹn.

Omi gáàsì máa ń wú bí ara rẹ̀ bá gbóná, ó sì ń wú ju omi tí à ń mu lọ fíìfíì. Torí ẹ̀ ni wọn kì í fi í rọ sílíńdà kún dẹ́nu. Àyè kan gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù lókè, bí ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, kí omi náà lè rí ibi wú sí. Bí èènì bá ti gba àyè yẹn, tí oòrùn wá pa sílíńdà, omi á wú títí á fi kan òrùlé. Láti ìgbà yẹn lọ, ìwọ̀nba ooru díẹ̀ ló máa ń sọ agbára inú rẹ̀ di ohun tí irin kò lè gbà mọ́ra.

Ọ̀nà tí èèyàn fi lè mọ̀ kò le. Lára ọrùn sílíńdà, wọ́n tẹ ìwọ̀n rẹ̀ ní òfìfo sára irin, wọ́n sábà máa ń kọ T.W. tàbí Tare sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí òfìfo sílíńdà 12.5 kílò bá jẹ́ 14 kílò, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá rọ ọ́ kò gbọdọ̀ ju 26.5 kílò lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n lójú yín. Ẹni tó fẹ́ rẹ́ yín jẹ kò ní í rí yín rẹ́ jẹ, ẹni tó fẹ́ ṣe yín lóore àṣejù náà kò sì ní í rí i ṣe.

Lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láti ọdún 2002, wọn kì í rọ sílíńdà kékeré ìdáná tí kò bá ní ohun èlò kan nínú fáàfù rẹ̀ tó jọ bọ́ọ̀lù tó ń léfòó nínú táǹkì omi. Bí omi gáàsì bá ti dé ìwọ̀n 80 nínú ọgọ́rùn-ún, bọ́ọ̀lù yẹn á gbéra, á sì dí ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ sílíńdà tí à ń lò níbí kò ní irú rẹ̀. Òṣùwọ̀n àti ojú ẹni tó di ẹnu rọ́bà mú nìkan la gbára lé.

Òkè-Ìlèwó tún ní ewu tirẹ̀ tó yàtọ̀ sí ti ibòmíràn. Àdúgbò àwọn báńkì ni. Ará oko tó bá wọ ìgboro lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fẹ́ ṣe gbogbo nǹkan pọ̀: á ra gáàsì láàárọ̀, á gbé e sí búùtù, á wá lọ tò sórí ìlà ní báńkì tàbí kó lọ bèèrè owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ọkọ̀ á wà nínú oòrùn fún wákàtí méjì, gbogbo gíláàsì á wà ní títì. Inú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gbóná dé 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tó bá fọwọ́ kan irin bẹ́líìtì rẹ̀ á fà á padà kíá. Gáàsì ló yẹ kó gbẹ̀yìn gbogbo ìrìnnà yín. Ẹ lọ báńkì, ẹ lọ Ìtòkú, ẹ lọ kí ọmọ ọmọ yín ní Ọbàntókò, kẹ́ ẹ tó yà sí ilé gáàsì, kẹ́ ẹ sì máa lọ sílé tààrà.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ìdẹ́rùbà lásán lèyí, kó rántí Àbúlé-Àdó l'Ékòó. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2020, ìbúgbàù kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tó wó ọ̀pọ̀ ilé palẹ̀, tó sì pa àwọn èèyàn tó lé ní ogún. Ohun tí ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì ìjọba, NNPC, kọ́kọ́ sọ ni pé ọkọ̀ akẹ́rù kan ló lọ gbá àwọn sílíńdà gáàsì tí wọ́n tò jọ sí ilé gáàsì kan tó wà nítòsí ọ̀pá epo wọn. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin, Bethlehem Girls College, wà lára ohun tó wó. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì Sístà Henrietta Alokha, kú síbẹ̀ nígbà tó ń kó àwọn ọmọ jáde. Lọ́dún yẹn kan náà, ọkọ̀ tó gbé gáàsì gbiná ní Ìjù-Ìṣàgà lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án, kò sì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sígbà náà tí ilé gáàsì kan bú ní Barúwà, ní Ìpájà. Gbogbo rẹ̀ ju ti sílíńdà kan nínú búùtù lọ, ṣùgbọ́n irú gáàsì tó wà nínú ọkọ̀ Ìjù náà ló wà nínú ti yín.

ÀWỌN TÓ Ń WỌ́ ILÉ LẸ́YÌN MỌ́TÒ

Àwọn òyìnbó ní ìrìn àjò kan tó jọ ti àwọn aláse wa gan-an. Wọ́n á so ilé kékeré onítáyà mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, ilé tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti fíríìjì, wọ́n á wọ́ ọ lọ sí etí òkun tàbí inú igbó láti lọ sinmi. Gáàsì ló ń dáná níbẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà sábà máa ń ní àyè fún sílíńdà propane kan ṣoṣo, èyí tó gba pọ́n-ùn 20, ìyẹn nǹkan bíi 9 kílò. Bó bá tán lóru tí òtútù mú, ìdílé náà rí nǹkan. Nítorí náà, wọ́n máa ń wá ibi tí wọ́n lè gbé sípíà sí, bí ìyá aláse ṣe ń wá a ní Òkè-Ìlèwó. Wọ́n ti rò ó títí, ó sì yẹ ká gbọ́ ibi tí wọ́n fi èrò wọn sí.

Wọn kì í gbé e sínú ilé náà, bó ti wù kí àyè há tó. Wọn kì í gbé e kọ́ bọ́ńpà ẹ̀yìn, torí ibẹ̀ ni ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn máa kọ́kọ́ gbá. Iwájú ni wọ́n máa ń gbé e sí, lórí irin tó so ilé mọ́ mọ́tò, níta gbangba níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i. Sílíńdà méjèèjì á nàró, wọ́n á fi irin dè wọ́n mọ́lẹ̀ kí wọ́n má lè mì. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù á gbé ti sípíà sí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀, á sì nàró níbẹ̀ pẹ̀lú. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àpótí kan wà lára ilé onítáyà náà tó jẹ́ ti gáàsì nìkan. Ògiri rẹ̀ kò ní ihò kankan tó wọ inú ilé, ṣùgbọ́n wọ́n dá ihò sí ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé ilẹ̀ ni wọ́n dá a sí, kì í ṣe òkè. Wọ́n mọ̀ pé bí gáàsì bá jò, ìsàlẹ̀ ló ń lọ, wọ́n sì là á lọ́nà kó lè bọ́ sí títì. Nílùú Baltimore ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀nà tó gba abẹ́ omi kọjá kò gba ọkọ̀ tó gbé sílíńdà propane tó ju pọ́n-ùn 10 lọ, bó ti wù kí wọ́n dè é dáadáa tó. Ọ̀nà mìíràn ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa gbà yí po.

A ò ní irú ilé yẹn níbí, ṣùgbọ́n a lè mú ọgbọ́n inú rẹ̀. Bí aláse bá ń lọ sóde ìnáwó tó sì ní ọkọ̀ méjì, kí gáàsì wà nínú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kí èèyàn sì wà nínú ìkejì. Ẹ tẹ́ táyà àlòkù sílẹ̀ ní ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù, kẹ́ ẹ gbé ìdí sílíńdà 12.5 kílò sínú ihò rẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi okùn de ọrùn rẹ̀ mọ́ irin ọkọ̀. Kò ní í yí, kò ní í ṣubú, irin kò sì ní í máa ha irin. Táyà àlòkù kò wọ́n lọ́dọ̀ fọkanáísà.

Ẹni tí kò ní pikọ́ọ̀pù ńkọ́? Lójú tèmi o, kẹ̀kẹ́ Márúwá sàn ju búùtù Micra lọ fún sílíńdà kan, torí pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ṣí sílẹ̀. Kó nàró sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ ẹni tó ni ín, kí ẹlòmíràn má sì wọ kẹ̀kẹ́ náà pẹ̀lú rẹ̀. Owó rẹ̀ á lé, a mọ̀. Ọ̀kadà ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n á há sílíńdà sáàárín itan ọlọ́kadà àti ẹni tó jókòó sẹ́yìn, sàléńsà tó ń gbóná á wà nísàlẹ̀, fáàfù á sì kọ ojú sí ibi tó máa kọ́kọ́ kanlẹ̀ bí wọ́n bá ṣubú. Bó bá sì jẹ́ pé takisí ni ẹ gbọ́dọ̀ wọ̀, ẹ dá ọkọ̀ náà yá ní odidi, ẹ ṣí gbogbo gíláàsì, ẹ jẹ́ kó nàró sórí ilẹ̀ ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ dè é mọ́ ara àga kó má lè ṣubú. Àwọn kan máa ń fi sílíńdà pamọ́ sínú báàgì Ghana-must-go kí dẹ́rẹ́bà má baà mọ̀. Ìwà ìkà nìyẹn sí àwọn tó jókòó pẹ̀lú wọn. Ọjọ́ pẹ́ tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ti ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù sínú ọkọ̀ elérò. Gáàsì kò yẹ kó jẹ́ èyí tí a ó máa jí gbé wọlé.

Kí ọkọ̀ tó ṣí, ẹ yọ régúlétọ̀ àti họ́ọ̀sì kúrò lára sílíńdà. Ẹ ti fáàfù pinpin. Ẹ bu omi ọṣẹ sí ẹnu rẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Bó bá ń hó lẹ́fọ̀ọ́, ó ń jò nìyẹn, ẹ dá a padà fún ilé gáàsì kí wọ́n yanjú rẹ̀. Ẹ má fi ìṣáná yẹ̀ ẹ́ wò láéláé. Ẹ sì fi ìdérí rẹ̀ dí ẹnu fáàfù. Ọ̀rá tí àwọn kan ń so mọ́ ọn, eruku nìkan ló ń dí.

Kí á má gbàgbé èyí tó ti tán. Aláse tó ń bọ̀ láti òde ìnáwó lọ́jọ́ Àìkú a máa gbàgbọ́ pé kò sí nǹkan kan nínú sílíńdà mọ́, á sì fi fáàfù rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí. Òfìfo kọ́ nìyẹn. Gáàsì ṣì kún inú rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ti tán, àwọn mìíràn sì máa ń ní omi díẹ̀ nísàlẹ̀ tí kò tó dáná mọ́. Bí ẹ ṣe ń ti èyí tó kún náà ni kẹ́ ẹ máa ti èyí tó tán.

SÍLÍŃDÀ TÓ Ń GBÉ INÚ ỌKỌ̀

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọ̀rọ̀ mìíràn ti wọ inú èyí. Àwọn dẹ́rẹ́bà ń yí ọkọ̀ wọn padà sí ti gáàsì, sílíńdà sì ti di ohun tó ń gbé inú búùtù títí láé. Gáàsì tí ìjọba ń polongo fún ọkọ̀ ni wọ́n ń pè ní CNG. Kì í ṣe gáàsì ìdáná. CNG fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, òkè ló ń gbà lọ bó bá jò, ìyẹn sì dáa. Ṣùgbọ́n ẹ wo agbára tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Afẹ́fẹ́ tí fọkanáísà ń fẹ́ sí táyà mọ́tò kékeré jẹ́ nǹkan bíi 30 lórí gééjì rẹ̀. Gáàsì ìdáná lọ́sàn-án gangan l'Abẹ́òkúta lè tó ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin ìyẹn. CNG tó ìlọ́po bí ọgọ́rùn-ún.

Lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ kan bú ní ilé epo tí wọ́n ti ń ta CNG nílùú Benin, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, àwọn èèyàn sì fara pa. Àwọn tó ń darí ètò CNG ìjọba àpapọ̀ sọ pé sílíńdà inú ọkọ̀ náà kì í ṣe ojúlówó ti CNG, wọ́n ti fi iná jó o pọ̀ ni. Bí mẹkáníìkì kan bá sọ fún yín pé òun lè bá yín rọ́ sílíńdà ìdáná tàbí èyí tí wẹ́dà ṣe sínú búùtù yín ní owó pọ́ọ́kú, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa bá tiyín lọ.

BÍ ÒÓRÙN RẸ̀ BÁ JÁDE

Gáàsì ìdáná fúnra rẹ̀ kò ní òórùn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan kan tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ sínú rẹ̀ ni, kí a lè tètè mọ̀ bó bá ń jò. Àmọ́ ẹ̀yin àgbà wa, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: bí ọjọ́ orí bá ṣe ń pọ̀ sí i ni imú ń dínkù lágbára, ọ̀pọ̀ ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún kì í sì í tètè gbọ́ òórùn yìí. Ẹni tó sì ti wà nínú òórùn fún ìgbà díẹ̀ kì í gbọ́ ọ mọ́, àgbà tàbí ọmọdé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọmọdé kan bá yín gbóòórùn inú ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé, pàápàá bí sílíńdà bá ti wà nínú rẹ̀ ṣáájú yín.

Bí òórùn náà bá jáde lójú ọ̀nà, kí dẹ́rẹ́bà yà kúrò lójú títì, kó pa ọkọ̀, kí gbogbo èèyàn sọ̀ kalẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tẹ fóònù nínú ọkọ̀, kí wọ́n má tan iná, kí wọ́n má gbìyànjú láti tún ọkọ̀ tan. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn àti búùtù. Bó bá ṣeé ṣe láìséwu, ẹ gbé sílíńdà jáde, kó nàró sí gbangba, kó jìnnà sí gọ́tà, kànga àti ibi tí wọ́n ti ń dáná. Bí ẹ bá rí i tí yìnyín funfun ń mú ara fáàfù, ẹ má fọwọ́ kàn án, omi gáàsì ló ń jáde, ó sì lè bó ara bí iná. Bó bá ti gbiná, ẹ sá jìnnà, ẹ má padà lọ mú ẹrù kankan.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti jìnnà ni kẹ́ ẹ tó pe 112, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì, tàbí 122 tó jẹ́ ti àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Ẹ sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé gáàsì ló wà nínú ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì dárúkọ abúlé tó súnmọ́ yín jù.